Kí Ló Dé Tí Vera Kì í Gbá Afurasí Létí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní Leeds fi ìwé ìtàn méjì ránṣẹ́ sí mi, Harbour Street àti The Moth Catcher, Ann Cleeves ló kọ wọ́n. Vera Stanhope ni orúkọ ọlọ́pàá obìnrin tó wà nínú wọn. Mo ka méjèèjì tán láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì ti ń wo fíìmù rẹ̀ náà. Mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ ó ń rú mi lójú. Inspẹ́kítọ̀ lásán ni obìnrin yìí, síbẹ̀ òun ló ń darí gbogbo wọn. Kò gbé ìbọn. Wọ́n á mú ẹni tí èmi alára ti mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn, lọ́yà á jókòó tì í, onítọ̀hún á ní òun ò ní ọ̀rọ̀ sọ, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò gbá a létí! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún lóòótọ́, àbí òǹkọ̀wé ló ń dà á sọ? Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń gbà fún obìnrin bẹ́ẹ̀? Mo tún gbọ́ pé ìwé náà pọ̀. Èwo ni kí n kà tẹ̀lé e?

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ kú ìwé kíkà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Òfin kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbá afurasí létí, aago sì ń lé ọlọ́pàá bí ó ṣe ń lé ẹni tí wọ́n mú. Bó bá ṣe pé ìgbájú wà ńbẹ̀ ni, kò ní sí ìtàn Vera rárá: ojú ewé ogún ni ẹnì kan á ti jẹ́wọ́, ìwé á parí, ẹni tó jẹ́wọ́ sì lè má jẹ́ ẹni tó pààyàn.

Kí n sọ ibi tí mo ti mọ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe. Bí ọlọ́pàá ní England bá mú ẹni tó gbọ́ Yorùbá ju èdè Òyìnbó lọ, tàbí tí ẹni tí wọ́n ṣe níbi bá fẹ́ fi èdè ìyá rẹ̀ ro ẹjọ́, irú wa ni wọ́n ń pè, nígbà mìíràn ní aago méjì òru. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó sáàárín ọlọ́pàá àti afurasí nínú yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé, nítorí náà ẹ má retí ìtàn ẹnikẹ́ni lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ìlànà náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, mo sì ti ka gbogbo ìwé Vera, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba Vera lọ́wọ́ “inspẹ́kítọ̀ lásán” yẹn. Nílé, inspẹ́kítọ̀ ni ẹni tó kàn lókè àwọn sájẹ́ǹtì, tí ASP, DSP, SP, CSP àti oríṣiríṣi kọmíṣọ́nnà ṣì tò lé lórí. Òun lẹ sábà ń rí níbi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró. Àwọn Òyìnbó ló fi àkàbà náà sílẹ̀ fún wa, àmọ́ ẹsẹ̀ tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ. Tiwọn kúrú: kọ́ńsítébù, sájẹ́ǹtì, inspẹ́kítọ̀, ọ̀gá inspẹ́kítọ̀, súpírítẹ́ńdẹ̀ǹtì, ọ̀gá súpírítẹ́ńdẹ̀ǹtì, lẹ́yìn náà ó ku ìwọ̀nba àwọn tó ń ṣe olórí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá agbègbè náà. Kò sí ASP kankan láàárín. Inspẹ́kítọ̀ tó bá wà ní ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe kékeré rárá. Inú ìwé, ipò yẹn ni Vera wà; nígbà tí wọ́n gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá inspẹ́kítọ̀. Ọ̀rọ̀ “detective” tí wọ́n ń fi síwájú oyè kò sì gbé ẹnikẹ́ni ga. Kọ́ńsítébù tó wọ yúnífọ́ọ̀mù àti kọ́ńsítébù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọgbọọgba ni wọ́n, ohun tí kálukú mọ̀ ọ́n ṣe ló yàtọ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kò sí IG kan tó jókòó sí London tó lè fi fóònù kan ṣoṣo gba ẹjọ́ lọ́wọ́ Vera. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá 43 ló wà ní England àti Wales, kálukú ní agbègbè tirẹ̀. Northumberland, lókè pátápátá lẹ́bàá Scotland, ni Vera ti ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ti gidi ni Northumbria Police, tó ti wà láti 1974, tí ìlú Newcastle náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ti ìbọn, díẹ̀ péré nínú àwọn ọlọ́pàá wọn ló ń gbé e, àkànṣe ẹ̀kọ́ sì ni wọ́n ń kọ́ kí wọ́n tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wádìí ikú kò nílò rẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ opó.

Ó wá ku ìgbájú.

Ní 1972, wọ́n pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Maxwell Confait ní gúúsù London, wọ́n sì ti iná bọ ilé tó ń gbé. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 18, èkejì 15, ẹ̀kẹta 14. Ọmọ ọdún 18 yẹn, làákàyè rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Kò sí lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òbí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Wọ́n jẹ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ní wọ́n jẹ̀bi, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Ní 1975 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn sílẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n “jẹ́wọ́” kò bá àkókò tí ọkùnrin náà kú mu. Láti ibẹ̀ ni ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ ló sì bí òfin tí gbogbo ọlọ́pàá ń pè ní PACE, tí wọ́n ṣe ní 1984, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1986. Gbogbo ohun tó ń rú yín lójú nínú fíìmù yẹn, òfin yìí ni.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Bí wọ́n bá gbé afurasí dé téṣàn, kì í ṣe ọwọ́ Vera ni wọ́n ń fà á lé. Sájẹ́ǹtì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju àwọn tó wà ní àhámọ́ lọ. Kò sí lára àwọn tó ń wádìí ẹjọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ sí. Òun ló ń kọ aago tí wọ́n dé, òun ló ń béèrè bóyá ara onítọ̀hún yá, bóyá ó ń lo oògùn, bóyá ó fẹ́ lọ́yà, bóyá ó nílò ògbufọ̀. Lọ́yà náà, ọ̀fẹ́ ni, bí afurasí lówó, bí kò lówó. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ téṣàn ni wákàtí 24 ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Bí ọ̀ràn bá lágbára, súpírítẹ́ńdẹ̀ǹtì lè sún un dé wákàtí 36. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n wá gba ilé ẹjọ́ májísíréètì lọ, ibẹ̀ náà kò sì lè fún wọn ju wákàtí 96 lọ lápapọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, ó pin.

Nínú wákàtí 24 yẹn, mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi, lóru lọ́pọ̀ ìgbà. Oúnjẹ gidi lẹ́ẹ̀kan, ìpápánu lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, inspẹ́kítọ̀ mìíràn tí kò sí nínú ìwádìí náà á wá wò ó bóyá ìdí ṣì wà láti dá a dúró, lẹ́yìn náà ní wákàtí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ẹ yọ àkókò tí lọ́yà fi ń bọ̀, ẹ yọ àkókò tí èmi ògbufọ̀ fi ń wakọ̀ bọ̀ nínú yìnyín, ẹ ó rí i pé ohun tó kù fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti fi béèrè ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá rí Vera tó ń wo aago nínú fíìmù, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, kì í ṣe eré lásán.

Sájẹ́ǹtì yẹn kéré sí i lóyè o. Síbẹ̀, Vera kò lè jágbe mọ́ ọn pé kó tì í padà sí yàrá. Bí ohùn wọn kò bá dọ́gba, ọ̀dọ̀ súpírítẹ́ńdẹ̀ǹtì ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo ti rí ọ̀gá tó gbójú sókè wọlé tó sì gbójú sílẹ̀ jáde níwájú tábìlì sájẹ́ǹtì. Inú mi máa ń dùn.

Kí wọ́n tó wá béèrè ohunkóhun nípa ọ̀ràn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ka gbólóhùn mẹ́ta kan sí afurasí létí. Mo ti túmọ̀ gbólóhùn wọ̀nyí ju iye ìgbà tí mo ka àdúrà Olúwa lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyí: “Kò pọn dandan pé kí ẹ sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ó lè ṣàkóbá fún àwíjàre yín bí ẹ kò bá dárúkọ, nígbà tí a bi yín, ohun tí ẹ ó wá gbójú lé ní ilé ẹjọ́ lẹ́yìn náà. Ohunkóhun tí ẹ bá sì sọ, wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí.”

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ògbufọ̀ tí kò fara balẹ̀ á ní “ẹ kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun”. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ó ti di èèwọ̀. Ọ̀tọ̀ ni “kò gbọdọ̀”, ọ̀tọ̀ ni “kò pọn dandan”, àárín méjèèjì sì gba odidi ẹ̀wọ̀n. Gbólóhùn kejì ló le jù. Kò sí i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: kó tó di 1995, ẹni tó bá dákẹ́ ní téṣàn, adájọ́ kò lè ní kí ìgbìmọ̀ ìdájọ́, àwọn ará ìlú tó ń sọ bóyá ẹni náà jẹ̀bi, fi ìdákẹ́ náà rò ó sí ibi. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1994 ló yí i padà. Ní báyìí, bí ẹ bá dákẹ́ lónìí, tí ẹ wá dé kóòtù lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ pé ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín lẹ wà lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n lè bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Nítorí náà, “no comment” tó ń bí yín nínú yẹn, kì í ṣe agídí, ìṣirò ni. Lọ́yà ló sábà máa ń gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ará wa gan-an kì í fẹ́ dákẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé bí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀, kí ọmọ dáhùn, ẹni tó bá sì panu mọ́, a ti fura sí i. Lọ́yà á ní kí wọ́n dákẹ́, àwọn á ní “ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣàlàyé ara mi.” Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ á sì máa gbà á.

Tí wọ́n bá wá ní kó máa lọ sílé, kò túmọ̀ sí pé ó ti bọ́. Béèlì wà, wọ́n sì lè dá a sílẹ̀ kí ìwádìí ṣì máa lọ, bí ẹ̀rí tuntun bá yọjú wọ́n á tún mú un. Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe Vera ló ń pinnu pé kí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnikẹ́ni. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, Crown Prosecution Service, ló ń wo ẹ̀rí bóyá ó tó gbé dé kóòtù. Bí wọ́n bá ní kò tó, kò tó.

Ibi tí mo ń bá a bọ̀ nìyí. Ẹ rántí Lápàdé, nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Ó dá mi lójú pé ẹ ti kọ́ ọmọ yín kan ní ìwé yẹn rí. Lápàdé ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kó tó máa lé ọ̀daràn kiri. Kò sí wákàtí 24 lọ́rùn rẹ̀, ìjà tó bá dé, ó lè wọ̀ ọ́. Adùn ìtàn rẹ̀, nínú ìrìn àti ìjàkadì ló wà. Vera kò ní ìyẹn. Wọ́n ti gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi aago lé e lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un kò ju ojú, etí àti ẹnu lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ ènìyàn kí wọ́n tó wọ yàrá yẹn rárá, torí bí ó bá dé ibẹ̀ láìmọ̀ ọ́n, “no comment” ló máa jẹ.

Ìdí nìyẹn tí ìpín tó dùn jù nínú àwọn ìwé náà kì í fi í ṣe téṣàn, bí kò ṣe ilé ìdáná ẹlòmíràn. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe ń wọlé: ó tóbi, aṣọ rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n ti gbé jù, sáńdààlì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ara ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yún un. Ó jókòó, ó gba tíì àti bisikíìtì, ó ní “pet”. Lápá ibẹ̀, “pet” ni wọ́n ń pe ọmọdé, àgbà, oníbàárà àti àjèjì, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń pe ẹni tí kò rí rí ní “ọkọ mi”. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á gbàgbé pé ọlọ́pàá ni. Wọ́n á máa fojú wo ọ̀rá àti aṣọ rẹ̀, wọ́n á máa káàánú rẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ lẹ́nu wọn. Nínú Harbour Street tí ẹ kà, inú ọkọ̀ ojú irin Metro tó kún fọ́fọ́ ni wọ́n ti gún obìnrin àgbàlagbà kan pa, sájẹ́ǹtì Joe Ashworth àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ta ló ń wo obìnrin àgbàlagbà? Ìbéèrè tí òǹkọ̀wé ń béèrè nípa òkú, ó ń béèrè rẹ̀ nípa ọlọ́pàá náà. Ann Cleeves ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ tí òun mọ̀ ní kékeré, àwọn tí wọ́n ti di ipò mú nígbà ogun, ni òun fi gbẹ́ Vera.

Ẹ ní ṣé wọ́n ń gbà fún obìnrin. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Edith Smith ní Grantham ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ní àṣẹ pípé láti mú ènìyàn, ní 1915, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó àwọn obìnrin sí, ọ̀rọ̀ ọmọdé àti obìnrin ni wọ́n ń fà lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn 1970 ni wọ́n tó dà wọ́n pọ̀. Ní 1995 ni Pauline Clare di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá agbègbè kan, ní Lancashire, London sì dúró di 2017 kí Cressida Dick tó jẹ ọ̀gá wọn. Fíìmù tó la ọ̀nà, Prime Suspect, jáde ní 1991. Lynda La Plante tó kọ ọ́ gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ Jackie Malton, ọ̀gá inspẹ́kítọ̀ tòótọ́. Nínú ìyẹn, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń bá ọlọ́pàá obìnrin inú fíìmù náà jà. Vera dé ní 1999, ìjà yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé obìnrin kì í ṣe é. Wọn kò kàn rí i ni, ó sì ti fi àìrí náà ṣe iṣẹ́ ṣe. Lójú tèmi, ìtàn tirẹ̀ jinlẹ̀ jù, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ máa bá mi jiyàn.

Àmọ́ o, òǹkọ̀wé ń bù mọ́ ọn níbòmíràn. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí ikú kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kiri ilé bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì ló ń jókòó sí, ìwé ìpinnu wà níwájú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kọ ìdí gbogbo ohun tó bá ṣe sí, àwọn kọ́ńsítébù ló ń lọ kan ilẹ̀kùn. Ohun tó ń jẹ́ HOLMES, ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo gbólóhùn ẹlẹ́rìí ń wọ̀, kì í hàn púpọ̀ nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ òun ni eegun ẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Ọ̀ràn Peter Sutcliffe, tó pa obìnrin mẹ́tàlá, ló bí i: ìgbà mẹ́sàn-án ni ọlọ́pàá ti bi í ní ìbéèrè tí wọ́n sì jẹ́ kó lọ, kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1981, nítorí pé orí páálí kéékèèké ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà káàkiri, páálí kan kò mọ ohun tó wà lórí èkejì. Ẹ ò lè fi ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù wákàtí kan ààbọ̀, mo gbà. Ọlọ́pàá kan tó máa ń dúró ti ẹbí olóògbé wà pẹ̀lú, tó jẹ́ pé ó ń tù wọ́n nínú, ó sì tún ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Cleeves mọ ojú méjèèjì iṣẹ́ yẹn, kò sì parọ́ nípa rẹ̀. Bóyá torí pé obìnrin náà ti ṣiṣẹ́ rí pẹ̀lú àwọn tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n máa ṣọ́ lẹ́yìn ìdájọ́ ni: ó mọ̀ pé ọ̀daràn kì í ní ìwo lórí.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ ìwé tó kàn, ẹ bá mi rò nǹkan kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú èdè Yorùbá, “ó” ni ọkùnrin, “ó” ni obìnrin. Bí ẹlẹ́rìí bá ní “mo rí i tó ń sáré lọ”, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á kọjú sí mi: ṣé akọ ni àbí abo? N kò mọ̀! Mo gbọ́dọ̀ sọ fún un pé màá béèrè. Òǹkọ̀wé Òyìnbó tó bá fẹ́ gbé wa wọ inú ọkàn apànìyàn láìjẹ́ kí a mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, á máa yí gbólóhùn po bí ejò. Bí ẹnì kan bá túmọ̀ Vera sí Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni yóò rí ìyẹn gbà. Àmọ́ ibòmíràn ni yóò ti há. Bí ìwé bá ní “her brother”, ṣé ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Òyìnbó ò sọ. Àti Joe, “ẹ̀yin” ni yóò máa pe Vera, Vera á máa pè é ní “ìwọ”, gbogbo àjọṣe wọn á sì ti hàn láti ojú ewé kìíní.

Ó yá, ìwé. Ẹ ti ka ti 2014 àti ti 2015. Ìtàn ikú inú ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ ti bàjẹ́. Okùn tó so wọ́n pọ̀ ni ìgbésí ayé Vera, pàápàá ọ̀rọ̀ Hector bàbá rẹ̀. Olè ẹyin ẹyẹ ni Hector. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ní Britain, láti 1954 ni òfin ti de kíkó ẹyin ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyẹ igbó, àwọn ọkùnrin kan sì wà tí wọ́n ń gun àpáta lóru láti jí ẹyin ẹyẹ tó ti fẹ́ parun, tí wọ́n ń tò ó sínú àpótí bí ẹní to góòlù. Ọmọbìnrin irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló wá di ọlọ́pàá. Cleeves mọ ayé àwọn ẹlẹ́yẹ dáadáa: ó ti se oúnjẹ rí ní ibùdó àwọn awòyẹ ní erékùṣù Fair Isle, ibẹ̀ ló sì ti pàdé ọkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Hector, The Seagull, ti 2017, ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà The Darkest Evening, ti 2020, níbi tí Vera ti ṣìnà nínú yìnyín títí tó fi dé ilé ńlá tí ẹbí bàbá rẹ̀ ti wá. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n dá lẹ́bi lásán bá wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ lọ wá Telling Tales, ti 2005. Obìnrin kan ti kú sẹ́wọ̀n lórí ikú ọmọbìnrin kan, wọ́n sì wá pe Vera láti agbègbè mìíràn pé kó wá tún ẹjọ́ náà wò. Pípe ọlọ́pàá ìta wá báyìí, wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má kà ṣáájú àkókò ni The Dark Wives, ti 2024. Ẹ kọ́kọ́ ka The Rising Tide, ti 2022, tó wáyé ní Holy Island, erékùṣù tí òkun ń bo ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Vera níbẹ̀, bí ẹ bá sì ka èyí tó tẹ̀lé e ṣáájú, ẹ ti já a kúrò lẹ́nu ara yín. Fíìmù rẹ̀, tí Brenda Blethyn ṣe láti 2011 títí di oṣù kìn-ín-ní 2025, ẹ máa wò ó bó bá ṣe wù yín, ó ti yà kúrò lọ́nà ìwé tipẹ́tipẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni ọmọ yín, The Crow Trap ni màá rà ránṣẹ́, èyí àkọ́kọ́, ti 1999. Pańpẹ́ kan ni orúkọ rẹ̀ ń sọ, níbi tí wọ́n ti ń so kannakánná ààyè mọ́ inú àgò kó lè máa fa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Obìnrin mẹ́ta ló ń gbé ilé kékeré kan lórí òkè, wọ́n ń ka ewéko àti ẹyẹ. Ẹ ó kà á títí, ẹ ò ní rí Vera. Ẹ ó fẹ́ pe ọmọ yín pé ìwé mìíràn ló fi ránṣẹ́. Ẹ ní sùúrù, mà. Níbi ìsìnkú kan, ilẹ̀kùn á ṣí gbàgà, obìnrin kan tó gbé àpò dání á já wọlé, ẹ ó rò pé alágbe ni.